Àdúrà Ìṣílé Lábẹ́ Igi Àjà

Ọdún kejì tí Gáánà gba òmìnira ni Ọláṣẹ̀hìndé akọ̀wé kọ́lé sí àdúgbò Mamobi. Kò kan pákó sí àjà. Ó fi fáníṣì pa igi òrùlé, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ gbangba, bó ṣe rí i ní pálọ̀ ọ̀gá rẹ̀ òyìnbó. Adéníkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ní òun ò ní kúrò ní yàrá kan tí wọ́n háyà ní Sabon Zongo àfi bí àgbà ìjọ bá kọ́kọ́ gbàdúrà sílé náà. Bàbá Àtàndá, àgbà ìjọ, dé láàárọ̀ Sátidé. Ó gbójú sókè. Ó pẹ́ kó tó gbé e sílẹ̀.

"Ṣé owó tán ni?"

"Rárá, Bàbá. Ó ti parí."

"Kí ló parí? Owó àbí ilé?"

"Ilé, Bàbá."

Bàbá béèrè bóyá káfíńtà ló sá lọ. Ọláṣẹ̀hìndé ní káfíńtà wà ní Abossey Okai, ara rẹ̀ le, iṣẹ́ náà sì dùn mọ́ ọn nínú.

"Ẹwà ni, Bàbá. Ẹ wo igi ọ̀hún. Odum ni, ìrókò gidi."

"Mo rí i. Aláǹgbá náà rí i."

Aláǹgbá ń rìn lọ lórí igi àárín, kò kánjú.

"Bó ṣe rí nílé ọ̀gá mi nìyẹn."

"Ṣé o bá a kẹ́dùn?"

Ọláṣẹ̀hìndé nu ojú.

"Bàbá, ṣọ́ọ̀ṣì wa náà ò mà ní àjà."

"Ọdún mẹ́fà la ti ń gbàdúrà sí ìyẹn."

Bàbá jókòó sórí àpótí káfíńtà.

"Nígbà mìíràn tí mo bá dijú, mo máa ń bi ara mi pé ibo ni àdúrà yẹn ń lọ. Mi ò tíì gbọ́ pé ó dé."

"Bóyá ó ṣì wà lọ́nà, Bàbá."

"Bóyá."

Ọláṣẹ̀hìndé kúnlẹ̀.

"Ẹ ṣàánú mi. Adéníkẹ́ ti di ẹrù rẹ̀ tán. Bó bá gbọ́ pé ẹ padà láìgbàdúrà, á tú u."

Bàbá ní òun ò ní torí ẹnikẹ́ni parọ́ fún Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà ó ṣí fìlà, ó dijú.

"Olúwa, Ọláṣẹ̀hìndé ní ilé yìí ti parí. Òun ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi. Bó bá jẹ́ òótọ́, bù kún un. Bí kò bá sì jẹ́ òótọ́..."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣe àmín sí ìyẹn ná."