Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Gbèjà Ọ̀dájú Inú Sinimá

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ ti bẹ gbogbo ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí n gbàgbé. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí rédíò ní Kàdúná. Ọjọ́ náà ló sì jẹ́ ìgbẹ̀yìn.

Nígbà yẹn, mo gbà pé kò sẹ́ni tó mọ sinimá tó mi. Bí fíìmù àwọn akọni alágbára bá jáde, èmi ni n ó kọ́kọ́ rí i, èmi náà ni n ó sì sọ ibi tó dára àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó fún gbogbo ará ilé, wọn ì báà bi mí, wọn ì báà má bi mí. Ẹnu mi yìí ni Bọ̀dá Ràímì gbọ́ níbi ìsọmọlórúkọ kan. Òun ló ń ṣe ètò Yorùbá nílé iṣẹ́ rédíò kan nígboro, wákàtí kan péré lọ́sàn-án Sátidé. Ó ní kí n wá ṣe àgbéyẹ̀wò fíìmù kan, kí òun fi dán mi wò. Bí àwọn olùgbọ́ bá gba tèmi, èmi ni n ó máa ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo fẹ́ iṣẹ́ yìí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Mo ti parí ilé ẹ̀kọ́, mo kàn ń bá Bàbá mi jókòó ní ṣọ́ọ̀bù ni, mò ń wọn rọ́bà ìdí ṣòkòtò fún àwọn télọ̀.

Bàbá mi, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ń ta òwú, bọ́tìnì àti síìpù ní àdúgbò Kabala Costain ní Kàdúná. Ṣọ́ọ̀bù ńlá ló ní tẹ́lẹ̀, àmọ́ wọ́n sun ún nígbà ìjà ìgboro, nígbà tí mo ṣì kéré. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ ò ju ìyẹn lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nílé, Bàbá á ní, "Alhamdulillahi, ẹ̀mí ò bá a lọ," á sì béèrè oúnjẹ.

Fíìmù tí mo mú ni apá kejì ìtàn akọni kan tó jẹ́ pé bó bá fẹsẹ̀ kilẹ̀, ilé á mì tìtì. Ẹsẹ̀ yẹn ló fi gba ìlú rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tá ní apá kìíní. Ní apá kejì, ọ̀dájú méjì ló dojú kọ ọ́: obìnrin kan tó jẹ́ pé bó bá súfèé, èèyàn á di òkúta, àti bàbá arúgbó kan tó ń tún aago ṣe tẹ́lẹ̀, tó wá fi irin rọ apá tuntun fún ara rẹ̀. Nígbà tí Bàbá gbọ́ pé orí rédíò ni n ó ti sọ ọ́, ó ní òun á bá mi lọ wò ó. Ó ní ọmọ òun ò lè máa sọ ohun tí òun ò rí fún gbogbo ayé. Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe.

Ẹnu ọ̀nà ni ìtìjú mi ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá rí kápẹ́ẹ̀tì nínú ilé sinimá, ó bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́sáláṣí.

Mo ní, "Bàbá, wọn kì í bọ́ bàtà níbí."

Ó ní, "Ilé tí wọ́n tẹ́ báyìí?"

Ó fi bàtà há abíyá, ó wọlé, ó sì kí gbogbo èrò inú òkùnkùn ní "Asalamu alaykum". Èèyàn mélòó kan dáhùn. N kò bá wọn wí, ohùn Bàbá mi kì í ṣe èyí tí èèyàn ń gbọ́ tí kì í jẹ́.

Bí fíìmù ti bẹ̀rẹ̀ ni wàhálà kejì dé. Gẹ̀ẹ́sì Bàbá ò ju ti ọjà lọ, èmi ni mo sì gbọ́dọ̀ máa túmọ̀. Èmi ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, òun ń béèrè bí ẹni tó ń pe oníkẹ̀kẹ́. "Kí ló wí? Ta ni obìnrin yẹn? Ṣé kò lọ́kọ ni, tó ń súfèé kiri?" Ọkùnrin tó wà níwájú wa yíjú padà, ó ní, "Don Allah, Baba," ohùn ẹ̀bẹ̀ ni, àmọ́ ojú rẹ̀ ò bẹ̀bẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gé ọ̀rọ̀ kúrú.

Ó wá kan ibi tí bàbá aláago dúró lórí àlàpà, tó ń bá akọni sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ títí. Ọwọ́ mi wà nínú gúgúrú.

"Kí ló wí?"

"Ó ń halẹ̀ ni, Bàbá."

"Gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn?"

"Ìhàlẹ̀ ni gbogbo rẹ̀."

Bàbá tẹjú mọ́ ojú arúgbó náà. Nígbà tí ilé wó lu bàbá aláago, gbogbo èrò pàtẹ́wọ́. Bàbá mi nìkan ló pariwo pé, "Inna lillahi wa inna ilayhi raji'un." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Mo ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, bẹ́ẹ̀ inú ike gúgúrú kan náà la jọ ń tọwọ́ bọ̀.

Sátidé pé. Mo jókòó síwájú makirofóònù, ẹnu mi sì dùn lọ́jọ́ náà. Mo yin obìnrin asúfèé pé irú ọ̀dájú bẹ́ẹ̀ ni kì í jẹ́ kéèyàn gbàgbé fíìmù. Mo wá bọ́ sórí arúgbó. Mo ní òun ló ba apá kejì jẹ́, kò nídìí kankan, ó kàn ń bínú kiri bí àgbàlagbà tí wọ́n jí fìlà rẹ̀. Bọ̀dá Ràímì rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. Mo ti ń rí ara mi lọ́jà, tí wọ́n ń kí mi, "Ìyá Sinimá, ẹ kú iṣẹ́." Ó wá ní kí àwọn olùgbọ́ máa pè wọlé.

Ẹni àkọ́kọ́ ní, "Asalamu alaykum. Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi?"

Mo dá ohùn náà mọ̀. Ohùn tó kí gbogbo ilé sinimá ni.

"À ń gbọ́ yín, bàbá," Bọ̀dá Ràímì dáhùn. "Ẹ jẹ́ ká mọ̀ yín."

"Èmi ni mo bí ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ yẹn." Ó wá fi oríkì mi kí mi lórí afẹ́fẹ́, oríkì tí n kò ní sọ fún ẹ̀yin. Ó ní, "Bàbá aláago yẹn sọ̀rọ̀ títí kí wọ́n tó pa á. O ní ìhàlẹ̀ ni. Kí ló sọ gan-an?"

"Bàbá, tí mo bá délé, n ó..."

"Ibí lo ti bú u. Ibí ni kí o ti sọ ọ́."

Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo túmọ̀ rẹ̀. "Ó ní, 'Ọjọ́ tí o gba ìlú là, orí ṣọ́ọ̀bù mi lo fẹsẹ̀ lé. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ọ. Èmi wà lábẹ́ bíríkì, mò ń gbọ́ àtẹ́wọ́ náà. Títí dòní, kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ni mo pàdánù.'"

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo rántí pé èmi náà ò tíì bi Bàbá mi rí.

Bàbá gbọ́ ọ délẹ̀. Ó ní, "Ìyẹn kì í ṣe ìhàlẹ̀. Wọ́n sun ṣọ́ọ̀bù tèmi náà ní Kabala. Mo rí ẹni tó gbé kẹrosíìnì dání. Ó ṣì wà láyé. Ó ra síìpù lọ́wọ́ mi ní Alámìísì tó kọjá."

Bọ̀dá Ràímì fò dìde. Ọ̀rọ̀ ìjà ìgboro, wọn kì í fẹnu kàn án nílé iṣẹ́ náà, ó sì ti kìlọ̀ fún mi kí n tó jókòó. Ó ń fọwọ́ gé ọrùn ara rẹ̀ sí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ. Ó yẹ kí n sọ pé ẹ ṣeun, ó dàbọ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

"Ta ni ì bá tọ́ ọ, bí mo bá dà bíi bàbá aláago? Ìbínú rẹ̀ yé mi. Ohun tó fi ìbínú náà ṣe ni n kò gbà. Àmọ́ má sọ pé ẹni tí wọ́n ba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jẹ́ kò nídìí."

Wọ́n gé e níbẹ̀. Ìpolówó ọṣẹ ló tẹ̀ lé e.

Bọ̀dá Ràímì ò pariwo mọ́ mi. Ó ní, "Àbúrò, ọ̀rọ̀ sinimá ni mo ní kó o sọ. Máa lọ sílé, a ó pè ọ́." Wọn ò tíì pè mí dòní.

Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé mi lọ sílé, ẹ̀rù ló bà mí, kì í ṣe nítorí iṣẹ́. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá ní Kàdúná á sọ ọ́ fún ẹni tí kò gbọ́, ọkùnrin tó gbé kẹrosíìnì náà á sì mọ̀ pé Bàbá mọ òun. Èmi ni mo fẹnu mi ṣe é. Mo dé ilé, mo kúnlẹ̀, mo bẹ Bàbá pé kó má lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó ní ta ni yóò ta síìpù? Mo ní kó dárúkọ ọkùnrin náà fún mi, ó kọ̀. "Bí mo bá dárúkọ rẹ̀, ìwọ náà á gbé e rù."

Ní Mọ́ńdè, mo jókòó tì í pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì lórí itan. Gbogbo oníbàárà ló di ọ̀dájú lójú mi. Mo fojú le télọ̀ kan tó jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́ títí tó fi gbàgbé ohun tó wá rà, tó sì padà sílé. Nígbà tó yá, ebi ń pa mí, mo sáré lọ ra kọ́sàì, àkàrà àwọn Háúsá. Ìgbà tí mo padà dé, Bàbá nìkan ló jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀.

"Ó wá," ló wí.

Mo gbé kọ́sàì kalẹ̀. "Kí ló sọ?"

"Ó kí mi. Ó ra síìpù. Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, ọkùnrin yẹn á ná ọjà mi títí á fi sú mi." Ó nu ojú rẹ̀. "Lónìí, kò ná an."

Bàbá ti ṣaláìsí báyìí, èmi ni mo wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo kọ́ ọgbọ́n kan: bí mo bá ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún ẹnikẹ́ni, n kì í gé ti ẹni tí n kò fẹ́ràn kúrú, bí fíìmù bá sì kan ibi tí ọ̀dájú ti la ẹnu, mo máa ń yọ ọwọ́ nínú gúgúrú. N kò mọ ọkùnrin náà títí dòní. Àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá ra síìpù lọ́wọ́ mi tí kò ná an, mo máa ń wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà, n ó rẹ́rìn-ín sí ara mi, n ó sì bá a di ọjà rẹ̀ sínú ọ̀rá.