Ọjọ́ Tí Mo Túmọ̀ Àlá fún Àna Mi

Bí mo bá gbàgbé ọ̀nà ilé wa pàápàá, mi ò ní gbàgbé ọjọ́ Sátidé tí mo há ìwé ńlá méjì sí abíyá, tí mo lọ fi ojú hàn lọ́dọ̀ àna mi ní Òkè-Ọ̀dàn.

Ìwé oyè kejì ni mò ń kà nígbà náà, ní ọgbà fásitì tó wà ní Ayétòrò. Ohun tí mò ń ṣèwádìí lé lórí dùn mọ́ mi débi pé mi ò lè jókòó ti èèyàn kí n má dá a sílẹ̀: ẹ̀sìn àwọn ọmọ Ísírẹ́lì àtijọ́, pẹ̀lú ìmọ̀ àwọn òyìnbó tó ń fi àlá wá ohun tó sá pamọ́ sí ìsàlẹ̀ ọkàn ọmọ èèyàn. Onígbàjámọ̀ mi gan-an ti gbọ́ ọ títí ó fi sú u. Ràfíátù, ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́, ti bẹ̀ mí ṣáájú: "Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá dé ilé wa, ẹ kí wọn, ẹ jẹun, ẹ dákẹ́." Ó ní bàbá òun, Alhaji tó ń ta obì, kì í fẹ́ àròyé.

Ṣùgbọ́n èmi ti pinnu pé Alhaji gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọ̀mọ̀wé ló fẹ́ fẹ́ ọmọ òun. Mo bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, mo wọlé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ni ìwé kan bá yọ bọ̀rọ́ lábíyá mi, ó lọ balẹ̀ sẹ́sẹ̀ Alhaji. Àwòrán ère amọ̀ kan ló wà lójú èèpo ìwé náà: obìnrin tó fọwọ́ méjèèjì gbá ọmú ara rẹ̀ mú, tí kò sí aṣọ kankan lọ́rùn rẹ̀.

"Àsìtàgafúrúlà!" Alhaji ká ẹsẹ̀ sókè bí ẹni tó rí ejò. "Kí lèyí?"

Ibi tó yẹ kí n ti bẹ̀bẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Mo ní inú ilẹ̀ ni wọ́n ti hú irú ère bẹ́ẹ̀ jáde, nínú ilé àwọn ọmọ Ísírẹ́lì àtijọ́ gan-an, pé àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn bóyá àwọn kan nínú wọn ń bọ òrìṣà obìnrin mọ́ Ọlọ́run. Mo ti ń ju ọwọ́ bí ẹni tó wà ní kíláàsì. Alhaji yíjú sí Ràfíátù tó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ṣé kì í ṣe pé o ní Mùsùlùmí ni?"

"Mùsùlùmí ni wọ́n, Bàbá. Ìwé ni wọ́n kà jù."

Kí n lè tún ọ̀rọ̀ ṣe, mo yára gbé ìwé kejì jáde, èyí tí kò ní àwòrán. Mo ní èyí ń túmọ̀ àlá. Ojú Alhaji yí padà. Àṣé ó ti lá àlá kan tí kò jẹ́ kó fọkàn balẹ̀. Ó fa àga súnmọ́ mi.

"Mo rí ara mi tí mò ń fi àáké gé igi ńlá kan níwájú ilé yìí. Bó ṣe wó báyìí, ìmọ́lẹ̀ wọlé, inú mi ń dùn ṣìnkìn. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, orí mi wú! Irú àlá tí mo ti kà nípa rẹ̀ títí ni wọ́n gbé ka iwájú mi yìí! Ràfíátù ń ṣẹ́jú sí mi, mi ò kà á sí. Mo ní, "Alhaji, igi yẹn kì í ṣe igi. Bàbá yín ni. Nísàlẹ̀ ọkàn yín lọ́hùn-ún, ẹ fẹ́ kí wọ́n kúrò lọ́nà, kí ẹ̀yin lè di olórí ilé."

Ni nǹkan kan bá dún gbàgà lẹ́yìn mi. Bútà àlùwàlá ló já bọ́. Bàbá àgbà, bàbá tó bí Alhaji lọ́mọ, ló dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, omi ń ṣàn wọ yàrá. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé wọ́n ṣì wà láyé!

"Fuàlà!" Bàbá kígbe, ìyẹn ni pé "Ẹ wò ó!" Wọ́n ti ṣòwò ní Pobẹ̀ lẹ́yìn ẹnubodè pẹ́ débi pé tí ara wọn bá gbóná, Faransé ló máa ń kọ́kọ́ jáde. "Fuàlà! Ìdí nìyẹn tó fi ní kí n kó lọ sí yàrá ẹ̀yìn! Ìdí nìyẹn tó fi ń bi mí léèrè ilẹ̀ mi tó wà ní Ìjọun!"

Alhaji, gbajúmọ̀ olóbì, dọ̀bálẹ̀ sínú omi. "Bàbá, irọ́ ni! Yàrá ẹ̀yìn ló ní atẹ́gùn tó dáa ni!"

Kò yẹ kí n tún sọ̀rọ̀ mọ́. Mo sọ̀rọ̀. Mo ní kí Bàbá má bínú, gbogbo ọmọkùnrin ló ní irú èrò yẹn sí bàbá rẹ̀, wọn ò kàn mọ̀ ni.

Alhaji gbórí sókè nílẹ̀. "Gbogbo ọmọkùnrin? Ìwọ tó fẹ́ wá di ọmọ mi, ṣé èmi ni igi tó kàn nìyẹn?"

Mi ò tíì ka ibi tí ìdáhùn yẹn wà. Ràfíátù fà mí lápá, ó tì mí síta. Mo fi ìwé sílẹ̀, mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, mo fò sẹ́yìn ọ̀kadà. Ó di Ìlaròó kí n tó wo ẹsẹ̀ mi: bàtà aláwọ pupa, ẹlẹ́nu ṣóńṣó, tó fún mi lẹ́sẹ̀ pinpin. Bàtà Bàbá àgbà ni. Mo ti da ilé wọn rú, mo tún kó wọn ní bàtà lọ!

Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo padà. Mo bá Bàbá àgbà lórí àga Alhaji, wọ́n na ẹsẹ̀ gbọọrọ. Alhaji fúnra rẹ̀ jókòó sórí ẹní, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ wọn. Mo rọra gbé bàtà sílẹ̀, mo kúnlẹ̀, mò ń wá ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀.

"Jókòó," Bàbá wí. Wọ́n kọjú sí Alhaji. "Ìgbà wo lo ti fẹ́ mi ní abẹ̀bẹ̀ gbẹ̀yìn? Ọmọ yìí gbọ́n. Fún un ní Ràfíátù."

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rò ó..."

"Àbí àáké yẹn ṣì wà lọ́wọ́ ẹ?"

Alhaji wo bàbá rẹ̀, ó wò mí, ó wo ìwé mi nílẹ̀. Bó bá ní rárá, ó ti fi òǹtẹ̀ lu ìtumọ̀ mi nìyẹn. Ó mí kanlẹ̀. "Bí ẹ bá ṣe wí náà ni, Bàbá." Mo gbọ́ Ràfíátù lẹ́yìn kọ́tìnì, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Bí mo ṣe rí ìyàwó fẹ́ nìyẹn o, kì í ṣe ọgbọ́n mi. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kéèyàn tó túmọ̀ àlá fún onílé, kó kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ń ṣàlùwàlá lẹ́yìnkùlé. Títí dòní, bí mo bá kí Alhaji pé ṣé wọ́n sùn dáadáa, wọ́n á ti yára dáhùn: "Mo sùn, mi ò lá nǹkan kan!" Mo máa ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kì í dénú. Ọlọ́run ti fi ọmọkùnrin ta àwa náà lọ́rẹ, ó sì ti ń sọ̀rọ̀. Bó bá jí láàárọ̀ tó ní, "Bàbá, mo lálàá," èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ sá jáde.