Ọjọ́ Tí Mo Gbé Jẹnẹrétọ̀ Wọnú Ọkọ̀

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọ́n á fi gbé mi sin: ọjọ́ tí iyán fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyá ìyàwó mi. Kì í ṣe pé iyán há a lọ́fun o. Màmá ò tilẹ̀ tíì fẹnu kàn án.

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ìyàwó mi ti ń bẹ Màmá kó kúrò ní Ìsẹ̀, kó wá máa bá wa gbé ní Ìkéré. Màmá ń dá gbé, ó sì ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì nínú balùwẹ̀ láàárín oṣù kan. Ìdáhùn kan náà ló máa ń fún wa: "Ulé mi rè é. Mi è lọ ibì kankan." Ọ̀rọ̀ náà ti ń mú kí ìyàwó mi máa sunkún. Èmi ni mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé mo ní ọgbọ́n kan lọ́wọ́.

Ọgbọ́n náà ni bọ́ọ̀sì mi. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, mo ra ògbólógbòó bọ́ọ̀sì kan, mo yọ àga inú ẹ̀, mo gbé bẹ́ẹ̀dì sí i, mo so fáànù àti tẹlifíṣọ̀n mọ́ ọn, mo sì fi irin ṣe ibi tí jẹnẹrétọ̀ máa jókòó sí lẹ́yìn, níta gbangba. Ilé ìgbín ni àwọn ará àdúgbò ń pè é. Mi ò bínú. Ìgbín ò kúkú sanwó ilé. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ni mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, nítorí náà mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè ohunkóhun.

Ètò mi ni pé ká fi ọkọ̀ yìí gbé Màmá lọ kí àbúrò ẹ̀ ní Òde-Èkìtì. Bó bá jayé dáadáa lójú ọ̀nà, ó máa gbà láti wá sọ́dọ̀ wa. Ìṣòro kan ló wà níbẹ̀: Màmá kì í jẹ oúnjẹ títà, iyán tó bá sì ti lo wákàtí kan, ti àná ni lójú tiẹ̀. Mo bá gbé ẹ̀rọ wa dání, èyí tó máa ń se iṣu, tó tún máa ń gún un nínú ìkòkò kan náà.

Ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán, mo páàkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko kòkó kan, mo tan jẹnẹrétọ̀, iṣu sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Màmá nà sórí bẹ́ẹ̀dì, fáànù ń fẹ́ ẹ, ó ń wo fíìmù. Ó ní, "Ọmọ mi, ulé rè é o, kì í ṣe ọkọ̀." Ìyàwó mi ṣẹ́jú sí mi. Èmi ti ń ro irú ọ̀dà tí màá fi kun yàrá Màmá.

Bí òjò ṣe dé nìyẹn.

Ọmọ Èkìtì tó bá ń ka èyí mọ ohun tí mo kojú. Bí mo bá pa jẹnẹrétọ̀ nígbà tí iṣu jinná dé ìdajì, kókó ló kù. Ẹ lọ fi iyán oníkókó bọ́ ìyá ìyàwó yín, kí ẹ wá máa retí pé kó kó wá sílé yín. Mo gbé jẹnẹrétọ̀ wọlé. Ó jó mi lọ́wọ́, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ki páìpù sí ibi tí èéfín ti ń jáde, mo fi rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ dì í, mo yọ ẹnu páìpù síta láti ojú fèrèsé, mo sì ti gbogbo fèrèsé tó kù nítorí òjò.

Ìyàwó mi ní, "Bàbá Tóyìn, ṣé kò séwu báyìí?"

Mo ní, "Ta ni tíṣà nínú àwa méjèèjì?"

Kò pẹ́ tí Màmá yán, tó sì sùn lọ. Mo ní, "Ṣé o rí i? Ọkàn wọn ti balẹ̀." Ìyàwó mi ní orí ń fọ́ òun. Mo ní ebi ni. Orí tèmi náà ń lù kìkì. Mo gbà pé ayọ̀ ni. Nígbà tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í gún iyán, mo fẹ́ dìde lọ wò ó, ẹsẹ̀ mi ò dá mi lóhùn. Ìyàwó mi ní èébì ń gbé òun. Ó ṣílẹ̀kùn, ó sì fi orúnkún lélẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ibẹ̀ ló ti bojú wẹ̀yìn, ló bá figbe ta: "Màmá mi o!"

Mo pe Màmá. Mo mì í. Kò dáhùn. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ náà, kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí n rí irú ẹ̀ mọ́.

Ọlọ́kadà kan, ọkùnrin onírùngbọ̀n, ń sá fún òjò lábẹ́ ahéré kan lódìkejì. Òun ló sáré wá. Ó pa jẹnẹrétọ̀, ó gbé Màmá léjìká, ó gbé e lọ sábẹ́ ahéré níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Èmi wọ́ ẹsẹ̀ tẹ̀lé e, mo gbé ìkòkò iyán dání. Títí dòní, mi ò mọ ohun tó mú mi gbé e.

Màmá wúkọ́, ó lajú. Ìyàwó mi dì mọ́ ọn, ó ń sunkún. Ọlọ́kadà padà lọ wo inú ọkọ̀. Rọ́bà ti yọ́, páìpù ti já bọ́, inú ọkọ̀ ni gbogbo èéfín ń dà sí. Ó wá wojú mi dáadáa.

"Tíṣà! Ẹ̀yin nìyí? Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé oró kan wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀, kò láwọ̀, kò lóòórùn, ṣe ló ń mú èèyàn sùn títí kú. Mi ò rántí ẹ̀ nínú ìdánwò, ẹ nà mí lẹ́gba mẹ́fà."

Mo wo ìkòkò iyán.

Ní ilé ìwòsàn tí a sáré gbé e lọ ní Òde, wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí Màmá nímú títí ara ẹ̀ fi balẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní páìpù já o, kò já o, jẹnẹrétọ̀ kò níṣẹ́ kankan nínú ibi tí èèyàn wà. Kódà níta, kó jìnnà, kí ẹnu èéfín ẹ̀ má kọjú sí fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn. Mo kọ ọ́ sórí bébà bí ọmọ iléèwé.

Bí ara Màmá ṣe yá, a yí padà sílé. Nígbà tí a dé iwájú ilé Màmá ní Ìsẹ̀, kò sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Ẹ kó ẹrù mi wá. Mo ń bá in lọ Ìkéré."

Inú mi dùn dé góńgó. Mo ní, "Màmá, ẹ ṣé o. Mo mọ̀ pé ẹ máa gbádùn ọkọ̀ náà."

Màmá ní, "Ọkọ̀ wo? Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí lùwọ ń bá gbé. Mi è lè jókòó s'Ísẹ̀ kí o pa á s'Íkéré."

Ó ti ń bá wa gbé láti ìgbà náà. Bí iná bá ti lọ, kí n tó fa okùn jẹnẹrétọ̀, Màmá á ti yọ sí mi pẹ̀lú ọ̀pá, á máa júwe ibi tí màá gbé e sí, lọ́hùn-ún lẹ́bàá ògiri. Mo ti kọ́gbọ́n: bí òjò bá dé, mo pa á, kí iṣu di kókó, a ó jẹ gààrí. Bí mo bá sì rántí ọjọ́ náà, ẹ̀rín máa ń pa mí. Mo kàn máa ń kọ́kọ́ ṣí fèrèsé ná.