Ọjọ́ Tí Látúnjí Di Ààrò Kẹta

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀ ń pa á káàkiri ní gbogbo ìpàdé. Ẹ jókòó, ẹ̀yin onílé pàápàá, ẹ̀yin tí òrùlé yín ń jò tí ẹ kàn ń sún ẹní láti igun yàrá kan sí èkejì. Ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí. Ọ̀rọ̀ yín ti sú mi, àmọ́ n ó sọ ọ́ náà.

Ọkùnrin kan wà ní ìlú Ìyanrìn tó ń jẹ́ Látúnjí. Ìlú etí odò ni Ìyanrìn. Èèyàn lè rìn ín já kí ó má fẹsẹ̀ kọ òkúta kan ṣoṣo, nítorí náà amọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ààrò níbẹ̀, Ìyá Àrìnọlá amọ̀kòkò ló sì ń mọ ọ́n fún gbogbo ìlú. Látúnjí kì í ṣe òtòṣì. Ó ní oko, ó ní ilé, ó ní Ẹfúnyẹlá ìyàwó rẹ̀, ó sì ní ọmọbìnrin kan, Àyọ̀ká, tó ti tó ilé ọkọ lọ tipẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ló kàn le. Ohun tó bá ti wọ ibẹ̀ kì í jáde.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ọkọ gidi wá bá Àyọ̀ká láti ìlú Ìpólé. Àyọ̀ká fẹ́ ọmọkùnrin náà débi pé, bó bá ń gbálẹ̀, òun nìkan á máa rẹ́rìn-ín. Àwọn ará Ìpólé ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá tọrọ ìyàwó. Àwọn yẹn kì í béèrè bí oko bàbá ìyàwó ti tó o. Ọbẹ̀ ìyá ìyàwó ni wọ́n máa ń tọ́ wò. Bó bá ti dùn, ọ̀rọ̀ parí, bí kò bá sì dùn, wọ́n á kó ẹrù wọn padà. Ẹfúnyẹlá sì mọ ọbẹ̀ sè dáadáa. Kí ló tún kù?

Ọ̀kan nínú ààrò rẹ̀ bá là sí méjì.

Wọ́n pe Ìyá Àrìnọlá. Ìyá wò ó, ó fi èékánná họ ọ́, ó ní, "Àgbébọ̀ adìyẹ kan ni. Ẹ jẹ́ kí n mọ ọ́n lónìí, kó lè gbẹ kí àlejò yín tó dé."

Látúnjí fò sókè. "Adìyẹ! Nítorí ẹrẹ̀? Ẹrẹ̀ tí ẹlẹ́dẹ̀ ń yí lọ́fẹ̀ẹ́ létí odò?"

"Bàbá Àyọ̀ká, ẹ jẹ́ ká fún wọn," ni Ẹfúnyẹlá wí. "Adìyẹ kan lásán ni."

"Ìwọ ṣáà máa wò mí. Èmi náà lọ́wọ́."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn? Èmi náà lọ́wọ́! Nínú gbogbo ilé tó ti bàjẹ́ láyé yìí, òjò ba díẹ̀ jẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn ló ba ìyókù jẹ́.

Látúnjí wọ inú àká, ó mú iṣu tó tóbi jù lọ, ó gé e lórí, ó gé e nídìí, ó gbé e sípò ààrò kẹta. Iṣu dúró digbí. Ẹfúnyẹlá gbé ọbẹ̀ kaná, ọkọ rẹ̀ sì ń yan kiri àgbàlá bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè. Kò pẹ́ ni iṣu bẹ̀rẹ̀ sí í ta sánsán. Ẹ̀yin èèyàn mi, iṣu kì í ṣe amọ̀. Bí iná bá ń jó o, rírọ̀ ló ń rọ̀. Ìkòkò dagun, gbogbo ọbẹ̀ dà sínú eérú. Látúnjí wò ó títí, ó bẹ̀rẹ̀, ó bu iṣu sẹ́nu.

"Ó kúkú jinná," ló wí.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Ẹfúnyẹlá lọ pọnmi, Látúnjí gbé odó ìyàwó rẹ̀, ó da ojú rẹ̀ dé sídìí iná, ó gbé ọbẹ̀ tuntun kaná lé e. Odó igi o! Ṣé ó tún yẹ kí n máa sọ fún yín ohun tí iná ń fi igi ṣe? Kí obìnrin yẹn tó ti odò dé, odó ti di ẹ̀yinná, ọbẹ̀ ti dà nù. Ẹfúnyẹlá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló fún un ní odó yẹn lọ́jọ́ tó ń lọ sílé ọkọ, ìyá náà sì ti kú. Ó kàn ń fi ọwọ́ nu eérú kúrò lára ohun tó kù. Nígbà mìíràn tí mo bá rántí obìnrin yìí, oúnjẹ kì í wù mí jẹ.

Nígbà tó ku ọ̀la kí àlejò dé, Àyọ̀ká kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Bàbá mi, ẹ dákun, ẹ lọ bá Ìyá Àrìnọlá. Báwọn èèyàn yìí bá padà, n ò ní rí irú rẹ̀ mọ́."

Ọkàn Látúnjí rọ̀ wàyí. Ó sáré lọ.

"Ẹ káàbọ̀ o," ni Ìyá Àrìnọlá wí. "Ewúrẹ́ ni."

"Ewúrẹ́! Ṣebí adìyẹ lẹ pè é níjọ́sí?"

"Níjọ́sí, ẹ̀yin lẹ ráyè. Ọ̀la ni àlejò yín ń bọ̀, gbogbo ìlú ló mọ̀."

Ewúrẹ́ kan ṣoṣo ló wà nílé, òun ni wọ́n sì fẹ́ pa fún àlejò. Látúnjí tú u lókùn. Ìyá Àrìnọlá mọ ààrò tó rẹwà, ó fọ ọwọ́, ó mú okùn ewúrẹ́ rẹ̀ dání, ó ní, "Ẹ má dáná sí i o. Tútù ni. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kẹ̀!"

"Ṣé èmi ni mo ní kí ẹ wá lónìí ni?"

Láàárọ̀ ọjọ́ àlejò, wọ́n gbé ìkòkò lé ààrò tútù náà. Wọn ò tíì dáná rárá tó fi rọ̀ wọ̀ọ̀ sílẹ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ sè é nílé kejì," ni Ẹfúnyẹlá wí.

"Kí ará Ìpólé wá bá ọbẹ̀ mi nílé onílé? Kí wọ́n ní n ò ní ààrò?"

"Ẹ ò kúkú ní."

Látúnjí mú àdá. Ó gé igi tútù kan tó pín sí méjì lórí, ó lóṣòó síbi tí ààrò kẹta ì bá wà, ó fi igi ti ọrùn ìkòkò. "Dáná sí i," ló wí. "Èmi ni ààrò kẹta."

Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó ṣeé ṣe! Èéfín ń dí i lójú, omi ń dà lójú rẹ̀ wàràwàrà, itan rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ìkòkò dúró. Ẹ̀gúsí bẹ̀rẹ̀ sí í hó, epo léfòó, òórùn rẹ̀ gba gbogbo àdúgbò. Ẹfúnyẹlá tọ́ ọ wò, ó rẹ́rìn-ín. Ó kù díẹ̀ gan-an. Ìyẹn ló ń dùn mí títí dòní.

Àlejò dé. Ọ̀dọ̀fin, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ ìyàwó, ló ṣáájú wọn, arúgbó olórí funfun. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí baálé ilé kó wá kí òun.

"Níbo ni bàbá ìyàwó wà?"

Àyọ̀ká kúnlẹ̀. Kò mọ irọ́ pa. "Wọ́n ń gbé ọbẹ̀ dúró, bàbá."

Ọ̀dọ̀fin ní òun gbọ́dọ̀ fojú ara òun rí i. Ó fi ọ̀pá tilẹ̀ títí ó fi yọ sí ẹ̀yìnkùlé. Látúnjí gbójú sókè nínú èéfín, ó rí àgbàlagbà. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ pé bó bá ti rí àgbà, kí àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. Ẹfúnyẹlá rí i tí èjìká rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ó ké tòò, "Bàbá Àyọ̀ká, ẹ má dọ̀bálẹ̀ o!"

Ó ti dọ̀bálẹ̀.

Ìkòkò yí lulẹ̀. Ọbẹ̀ ṣàn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí Látúnjí, ó ṣàn lọ bá Ọ̀dọ̀fin, ó sì rin bàtà àti ìdí ẹ̀wù funfun rẹ̀ gbindin. Látúnjí kò gbórí. "Ẹ kú àbọ̀, bàbá," ló wí láti ilẹ̀.

Ọ̀dọ̀fin wo ààrò méjì tó kù. "Kí ló ṣe ẹ̀kẹta?"

Ẹfúnyẹlá ò lè pa á mọ́ mọ́. Ó sọ ti adìyẹ, ó sọ ti iṣu, ó sọ ti odó, nígbà tó kan ti ewúrẹ́, ẹkún ò jẹ́ kó parí rẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣe Ọ̀dọ̀fin láàánú, àmọ́ ó mi orí. "Ìyá ìyàwó, a ò bá ọ jà. Ẹni tí kò lè fi adìyẹ dá ọbẹ̀ ilé ara rẹ̀ sí, báwo la ṣe fẹ́ bá a dána?" Ó yíjú padà, wọ́n kó iṣu, wọ́n kó obì, wọ́n kó orógbó tí wọ́n gbé wá. Àyọ̀ká tẹ̀ lé wọn dé ìpẹ̀kun ìlú. Òun nìkan ló padà.

Lójú ọ̀nà, àwọn ará Ìpólé tó dúró síta kò yéé béèrè pé, "Bàbá, kí ló dé? A ò jẹun, a ò rí ìyàwó mú, ẹ̀wù yín tún lépo." Arúgbó náà ronú ibi tí òun ì bá ti bẹ̀rẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́. Gbólóhùn kan péré ló sọ, kò sì lanu mọ́ títí wọ́n fi délé.

Àwọn ọ̀mọ̀wé yín wá ní òwe ìṣọ̀kan ni. Ìṣọ̀kan wo? Ẹ̀yin tí nǹkan ti là nílé yín láti ọjọ́ yìí, tí ẹ̀ ń sọ pé ẹ̀yin náà lọ́wọ́, mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí Ọ̀dọ̀fin sọ lọ́jọ́ yẹn, pẹ̀lú ẹ̀gúsí nínú bàtà rẹ̀, ni pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù.