Omi Kò Wọ Ilé Mi Rí

Lẹ́yìn òjò ọ̀sán, ọmọbìnrin awọnlẹ̀ kan láti ọ́fíìsì ìlú, máàpù lábíyá, bàtà òjò lẹ́sẹ̀, kan ilẹ̀kùn àgbà káfíńtà kan tó ti fẹ̀yìn tì. Káfíńtà ti gbọ́ ládùúgbò pé wọ́n ń kiri wá ilé tí omi ń wọ̀ kí wọ́n lè wó o. Ó yára fẹsẹ̀ ti garawa tó fi ń gbọ́n omi sábẹ́ tábìlì, ó sì ṣílẹ̀kùn tẹ̀rín-tẹ̀rín.

AWỌNLẸ̀: Ẹ káàsán, bàbá. Ọ̀rọ̀ àgbàrá ni mo bá wá.

KÁFÍŃTÀ: Agbára? Ó ti tán lára mi, ọmọ mi. Lọ bá àwọn ọ̀dọ́.

AWỌNLẸ̀: Àgbàrá, bàbá! Omi òjò tó ń ya wọlé.

KÁFÍŃTÀ: Háà, ìyẹn? Kò wọ ilé mi rí. Èmi àti ẹ̀ ò tiẹ̀ mọ ojú ara wa.

(Awọnlẹ̀ tẹ́ máàpù sórí tábìlì.)

AWỌNLẸ̀: Ẹ wò ó. Ibi tó bá ti jẹ́ búlúù, omi lè dé ibẹ̀. Inú búlúù ni ilé yín wà.

KÁFÍŃTÀ: Irọ́ ni! Ọ̀dà aláwọ̀ ewé ni mo fi kun ilé mi. Ìyàwó mi ló mú un.

AWỌNLẸ̀: Kì í ṣe ọ̀dà, bàbá. Omi ogún ọdún là ń sọ.

KÁFÍŃTÀ: Ogún? Ta ló kú nínú ẹbí wa tó fi omi sílẹ̀ fún mi?

AWỌNLẸ̀: Ogún tí à ń kà! Irú omi ńlá tó lè wá lẹ́ẹ̀kan láàárín ogún ọdún.

KÁFÍŃTÀ: Ẹ̀ẹ̀kan kẹ̀! Lésìí nìkan, ẹ̀ẹ̀mẹta ló... (Ó fọwọ́ bo ẹnu.) Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ pé ó wọ ilé ẹlòmíì.

(Awọnlẹ̀ wo yàrá yíká. Orí búlọ́ọ̀kù ni bẹ́ẹ̀dì wà.)

AWỌNLẸ̀: Bẹ́ẹ̀dì yín mà ga o.

KÁFÍŃTÀ: Àgbà ni mí. Ibi gíga ló yẹ mí.

AWỌNLẸ̀: Àwọn ilà pẹ́ńsù tó wà lára férémù ilẹ̀kùn yìí ńkọ́?

KÁFÍŃTÀ: Gíga ọmọ ọmọ mi ni mo fi ń wọ̀n.

AWỌNLẸ̀ (ó bẹ̀rẹ̀, ó ń kà á): Lóṣù keje, ó ga dé orúnkún. Lóṣù kẹsàn-án, ó dé ìbàdí. Lóṣù kẹwàá, ó tún padà sí kókósẹ̀?

KÁFÍŃTÀ: Ọmọ yẹn kì í jẹun bó ṣe yẹ.

(Awọnlẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká máàpù.)

AWỌNLẸ̀: Ó dáa. Bí omi ò bá yọ yín lẹ́nu, a ó gbé kòtò náà lọ sí àdúgbò kejì.

KÁFÍŃTÀ: Kòtò wo?

AWỌNLẸ̀: Kòtò ńlá tá a yà sórí máàpù yìí, tá a fẹ́ gbẹ́ sí pápá ẹ̀yìn ilé yín. Bí òjò bá ti rọ̀, ibẹ̀ la ó ti dá omi dúró.

KÁFÍŃTÀ: Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló ṣẹ̀? Ṣé kò sí béèlì ni?

AWỌNLẸ̀: Àwa kọ́ lọlọ́pàá, bàbá! Á kàn dúró síbẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì, gọ́tà á máa gbé e lọ díẹ̀díẹ̀. Kò ní ráyè ya wọlé ẹnikẹ́ni mọ́.

KÁFÍŃTÀ: Ilé mi ńkọ́? Ẹ ò ní wó o?

AWỌNLẸ̀: Ta ló sọ pé a fẹ́ wólé? Ṣe la fẹ́ gba ilé yín sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ní omi ò wọ̀ ọ́ rí.

(Káfíńtà di máàpù mú ṣinṣin.)

KÁFÍŃTÀ: Jókòó, ọmọ mi. Rárá, má jókòó sórí tìmùtìmù yẹn, kò tíì gbẹ! Wò ó, omi dé ibí. Ó tún dé ibí! Orí tábìlì yìí ni ìyàwó mi wà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, tó ń bú mi.

AWỌNLẸ̀: Ẹ̀yin ńkọ́?

KÁFÍŃTÀ: Mo wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Èmi ni mo kàn án, mo mọ̀ pé kò ní já.

(Awọnlẹ̀ fi téèpù wọn ilà kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.)

AWỌNLẸ̀: Bàbá, ilà yín yìí péye ju ìṣirò wa lọ. Òun la ó fi mọ bí kòtò náà ṣe máa jìn tó.

KÁFÍŃTÀ (ojú rẹ̀ ń dán): Ogójì ọdún ni mo fi wọn pákó. Ọwọ́ mi ò yẹ̀ rí.

AWỌNLẸ̀: Kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, a ó ti gbẹ́ ẹ tán. Ẹ bá mi buwọ́ lùwé níbí.

KÁFÍŃTÀ: Màá buwọ́ lù ú. Ṣùgbọ́n fi máàpù yìí sílẹ̀ fún mi.

AWỌNLẸ̀: Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?

KÁFÍŃTÀ: Màá kàn án mọ́ ilẹ̀kùn níta, kí omi rí i kà pé wọ́n ti kó òun lọ sílé tuntun.