Akéwì Ààfin Alàájì Ismaheel

Ẹ wá wo Alàájì Ismaheel, Ọlọ́lá orí Shooters Hill, ahun tí í fi agbádá bo ìkòkò ọbẹ̀, ọ̀gá tí ń kí ara rẹ̀ nínú dígí kó tó kí aya rẹ̀. Ipò alága ẹgbẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú ní Thamesmead nílùú ọba ló ń wá lójú méjèèjì.

Lọ́jọ́ kan, Ikram ọmọ rẹ̀, tó ń kọ́ ìtàn ní yunifásítì, sọ fún un nípa akéwì ààfin kan tó fi èdè Ásáàmù kéwì ní ilẹ̀ Íńdíà láyé àtijọ́. Bó bá ti parí apá kan nínú ìtàn rẹ̀, á dárúkọ ọba tó ń bọ́ ọ, á sì yìn ín.

"Ọba yẹn ti kú tipẹ́?"

"Ó ti lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún, Daddy."

"Wọ́n ṣì ń dárúkọ rẹ̀! Tèmi dà? Bí wọ́n bá gbọ́ irú ewì yẹn lọ́jọ́ ìdìbò, ta ni yóò bá mi du ipò?"

"Daddy, ọba yẹn bọ́ akéwì ẹ̀ o."

"Ìyẹn ò kàn mí. Ewì ni mo fẹ́."

Bó ṣe ránṣẹ́ pe Hámzàt nìyẹn, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó máa ń kéwì níbi ìkómọ. Lẹ́yìn iṣẹ́, Hámzàt á gun òkè lọ gbọ́ ìtàn ìgbésí ayé Alàájì. Alàájì á máa sọ̀rọ̀, á máa fa ẹran ya. Akéwì á máa gbé itọ́ mì.

"Ṣe é bíi ti Ásáàmù gẹ́lẹ́," Alàájì pàṣẹ. "Gbogbo ohun tí ọ̀gá ṣe fún akéwì, sọ ọ́. Má fi ọ̀kan pa mọ́!"

"Ṣó dá yín lójú, Uncle?"

"Ṣé èmi ni ò mọ ohun tí mò ń sọ?"

Ọjọ́ ìdìbò pé, gbọ̀ngàn kún. Àgbà ní ẹni tó mọ iyì ara rẹ̀ kì í jókòó sẹ́yìn. Alàájì ní tòun, bí kò bá sí àga níwájú, kí wọ́n yí gbọ̀ngàn padà. Hámzàt dìde, ó kéwì bí Alàájì ṣe wọ ìlú ọba, ó sì fi báyìí parí apá kìn-ín-ní:

"Hámzàt ló wí bẹ́ẹ̀,
akéwì Ismaheel,
ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ ń fi òórùn ọbẹ̀ kẹ́."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Alàájì rò pé etí ló ń tan òun. Apá kejì dé òpin:

"Hámzàt ló wí bẹ́ẹ̀,
ẹni tó ń bá Ismaheel ka eegun
ẹran tí kò tọ́ wò."

"Háà! Alàájì!" Kàmọ́rù, ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́, ké láti ẹ̀yìn. "Ẹ ò fún bọ̀bọ́ yẹn ní tíì pàápàá?"

"Omi ẹ̀rọ ni," Hámzàt dáhùn. "Ó wà ní apá kẹta."

Alàájì fò dìde. "Ó tó! Ta ló ní kó o sọ ìyẹn?"

"Ẹ̀yin ni, Uncle. Ẹ ní n má fi ọ̀kan pa mọ́."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ ya òrùlé. Mummy Medinat, tó ń darí ìdìbò, nu omijé ojú rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dìbò. Ẹni tó bá fẹ́ Alàájì Ismaheel, kó nawọ́."

Ọwọ́ kan ṣoṣo ló yọ, ti Kàmọ́rù. Ojú Alàájì là díẹ̀.

"Kàmọ́rù, Alàájì lo fẹ́?"

"Rárá o, Mummy. Mo fẹ́ kí Hámzàt ka apá kẹta ká tó lọlé ni."