Dókítà Gìtá àti Ọkùnrin Tó Ń Jí Ọ̀rọ̀ Rẹ̀ Sọ Lórí Rédíò

Kò sí ohun tí àbúrò ìyá mi kò mọ̀ nípa orin rọ́ọ̀kì, àfi bí èèyàn ṣe ń dákẹ́ gbọ́ ọ. Bí gìtá bá ti dún lẹ́ẹ̀kan péré, yóò gbé ìka sókè, yóò ní, "Ẹ dúró níbẹ̀ yẹn," bí ẹni pé olórin náà ń gbọ́ ọ. Iṣẹ́ férémù ló ń ṣe. Ó ń fi igi àti gíláàsì sí àwòrán ìgbéyàwó àti ìwé ẹ̀rí àwọn èèyàn. Ṣùgbọ́n bí o bá pè é ní oníférémù, kò ní dá ọ lóhùn. Dókítà Gìtá ló ń jẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ lórúkọ náà. Kò ní gìtá.

Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, a máa ń pé jọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti gbọ́ ètò orin rọ́ọ̀kì lórí rédíò. Àwa mẹ́rin ni: àbúrò ìyá mi yìí, tí mo ń pè ní Bọ̀dá, ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí gbogbo wa ń pè ní Bíríkìlà nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe, àti èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé, tí mo ń retí èsì ìdánwò. Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ̀gbẹ́ àwọn gíláàsì tó fara ti ògiri ni mo máa ń jókòó sí, nítorí bí ìlù bá ti wúwo, wọ́n á máa gbọ̀n jẹ́jẹ́, mo sì fẹ́ràn láti máa wò wọ́n.

"Àǹtí tó ń ṣe ètò yìí," Bọ̀dá á wí, "kì í yan orin kó má kọ́kọ́ pè mí."

"Ìgbà wo ló máa ń pè ẹ́?" Bíríkìlà á bi í.

"Ìgbà tó o bá ti lọ sílé."

Ọdún mẹ́ta gbáko la fi gbọ́ èyí. Àfi lọ́jọ́ kan tí Àǹtí Rédíò kéde pé òun ń wá olùgbọ́ kan tí yóò máa wá jókòó ti òun ní yàrá ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ fún ọdún kan, kí àwọn jọ máa dá orin tuntun lẹ́jọ́. Ẹni tó bá fẹ́ àga náà, kó pe òun ní Sátidé tó ń bọ̀, kó fi ìṣẹ́jú kan sọ ohun tó ń gbé orin rọ́ọ̀kì ró. Òun á yan ẹni kan kí ètò tó parí.

Bíríkìlà yíjú sí Bọ̀dá. "Dókítà, àbí ó ti pè ẹ́ nípa ẹ̀?"

"Tìtorí mi ni wọ́n ṣe ra àga yẹn," ni Bọ̀dá wí.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, kò sí ẹni tí kò sọ fún. Ó sọ fún télọ̀ tó wà ní òdìkejì títì. Ó sọ fún onílé. Onílé bi í bóyá ẹ̀rọ amúlétutù wà níbẹ̀, Bọ̀dá ní wọ́n ń dúró kí òun wá sọ bí òun ṣe fẹ́ kó tutù tó. Obìnrin kan wá gba àwòrán bàbá rẹ̀, Bọ̀dá ní kí ó wo òun dáadáa, nítorí láti ìsinsìnyí lọ, ohùn òun nìkan ni yóò máa gbọ́.

Nígbà tí Sátidé pé, ó gẹrun, ó lọ aṣọ, ó sì fín lọ́fíńdà sí ọrùn.

"Ọkọ mi, rédíò ni o," ìyàwó rẹ̀ wí. "Wọn ò ní rí ẹ, wọn ò sì ní gbóòórùn ẹ."

"Ó máa ń hàn nínú ohùn," Bọ̀dá dá a lóhùn.

Àǹtí Rédíò kéde bó ṣe máa ń kéde: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ pè wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ yí rédíò yín wálẹ̀."

"Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ló ń bá wí," Bọ̀dá wí. Ó yí tiwa sókè sí i, kí àdúgbò lè gbọ́ òun. Ó wá mú fóònù rẹ̀ wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì, níbi tó ń kó igi sí.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun kan. Ilé iṣẹ́ rédíò yẹn kì í gbé ohùn àwọn tó ń pè jáde lójú ẹsẹ̀. Wọ́n máa ń dá a dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méje, láti ìgbà tí ọkùnrin kan ti fi ẹnu ara rẹ̀ bú àna rẹ̀ lórí afẹ́fẹ́. Gbogbo wa la mọ̀. Bọ̀dá gan-an ló sọ fún wa.

Obìnrin kan kọ́kọ́ pè, ó ní ọ̀fun akọrin ló ń gbé rọ́ọ̀kì ró. Lẹ́yìn náà ni fóònù Bọ̀dá wọlé. Ó ti ṣí ohùn fóònù náà síta, kí àwa náà lè gbọ́ bí àǹtí náà á ṣe pè é ní sà.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Kí ló ń gbé rọ́ọ̀kì ró?"

"Ìlù ni," Bọ̀dá wí. "Gìtá kàn ń ṣe fáàrí ni. Ẹ yọ ìlù kúrò, kẹ́ ẹ wò ó bí kò ní wó bí ilé tí kò ní ìpìlẹ̀."

Ká sòótọ́, ó sọ ọ́ dáadáa. Bíríkìlà tó mọ̀ nípa ìpìlẹ̀ ju gbogbo wa lọ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ká ní ó pa fóònù níbẹ̀ ni, àga ti di tirẹ̀.

Ni ohùn kan bá jáde látinú rédíò: "Ìlù ni. Gìtá kàn ń ṣe fáàrí ni..."

Kọ́tìnì mì lẹ́ẹ̀kan.

"Ta nìyẹn?" Bọ̀dá wí. "Àǹtí, ọkùnrin kan ń jí ọ̀rọ̀ mi sọ."

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí rédíò yín wálẹ̀."

"Ṣé o gbọ́?" Bọ̀dá wí fún ọkùnrin náà. "Wọ́n ní kó o yí rédíò ẹ wálẹ̀."

Rédíò ní: "Ọkùnrin kan ń jí ọ̀rọ̀ mi sọ."

"Èmi? Èmi lò ń pè lólè?"

Ìyàwó rẹ̀ ká kọ́tìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọkọ mi, ohùn ẹ nìyẹn."

"Ohùn ta? O ò gbọ́ bó ṣe ń fi imú sọ̀rọ̀ ni?"

Mo rọra na ọwọ́ sí rédíò láti pa á.

"Má fọwọ́ kàn án," Bọ̀dá wí. "Jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí olè yẹn tún fẹ́ sọ."

"Wọ́n ní kó o yí rédíò ẹ wálẹ̀," ni rédíò wí.

"Ó tún ń pàṣẹ fún mi!"

Bíríkìlà ti fi fìlà bo ojú. Èjìká rẹ̀ nìkan ló ń mì. Bọ̀dá wá ronú ọgbọ́n kan.

"Àǹtí, mo ti yí ọ̀rọ̀ mi padà. Gìtá ni. Ìlù ò wúlò fún nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe máa jí ìyẹn."

A dúró. Rédíò ní gìtá ni, ìlù ò wúlò fún nǹkan kan.

"Ẹ ò rí i?" Bọ̀dá wí. "Kò lójútì."

"Sà," Àǹtí Rédíò wí, bí ẹni tó ń pa ẹ̀rín mọ́ra, "ó ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá fún yín."

Bọ̀dá ná an tán pátá. "Ìwọ ọkùnrin yìí, èmi ò sá fún ẹ. Ṣọ́ọ̀bù férémù tó dojú kọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé. Máa bọ̀, mò ń dúró dè ẹ́."

Wọ́n gé fóònù. Ó jáde sí wa, bọ́tìnì àyà rẹ̀ méjì ti ṣí. Ìgbà yẹn gan-an ni rédíò ní: "Ṣọ́ọ̀bù férémù tó dojú kọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé. Máa bọ̀."

Ó dúró gbagidi. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Mo rò nínú ara mi pé, ó ti yé e wàyí.

"Ó mọ ṣọ́ọ̀bù mi," ó wí wúyẹ́wúyẹ́. "Ó ti wà nítòsí."

Ó mú igi gígùn tó fi ń wọn férémù, ó bọ́ síta. Télọ̀ yọjú lójú fèrèsé rẹ̀, rédíò tirẹ̀ náà ń pariwo.

"Dókítà, a gbọ́ yín o."

"Ṣé ó ti gba ọ̀dọ̀ yín kọjá?"

"Ta ni?"

"Ẹ ṣáà máa bá mi wo ọ̀nà."

Nínú ṣọ́ọ̀bù, Àǹtí Rédíò ń ka èsì. Ó ní ọkùnrin oníférémù bẹ̀rẹ̀ dáadáa débi pé díẹ̀ ló kù kí òun yàn án. Ṣùgbọ́n àga kan ṣoṣo ló wà, èèyàn méjì ló sì bá òun sọ̀rọ̀ látorí fóònù kan, wọ́n tún ń bá ara wọn jà. Obìnrin tó kọ́kọ́ pè ló gba àga.

Ìyàwó Bọ̀dá pa rédíò. Ó wo Bíríkìlà. Bíríkìlà wò mí. Bí mo ṣe bọ́ síta nìyẹn, èmi tí kì í sọ̀rọ̀.

"Bọ̀dá," mo wí, "wọn ò fún yín."

 Igi ọwọ́ rẹ̀ rọra ń lọ sílẹ̀.

"Ọkùnrin yẹn ńkọ́? Ṣé òun ni wọ́n fún?"

"Rárá. Wọn ò fún òun náà."

Ó mí kanlẹ̀, ojú rẹ̀ sì tú ká bíi ti ẹni tó gbọ́ ìròyìn ayọ̀.

"Ìyẹn dáa," ó wí. "Ta ni ì bá lè fi ọdún kan gbọ́ irú ohùn yẹn?"